Ọwọ́ Mi Kì Í Kọ́ Aṣọ Mọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara Bàbá le. Ẹjọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń rò kiri.

Ọkàn mi ti balẹ̀. Ọwọ́ mi tó gbẹ háúháú, tó ń kọ́ aṣọ sílíìkì oníbàárà, a ti mọ ìdí rẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní, “Màmá, táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn yín tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó lóògùn.” Mò ń lò ó láràárọ̀ kí n tó jẹun. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń wẹ̀, mo sì ń fi ìpara para kí ara tó gbẹ. Lánàá, mo rán aṣọ ìyàwó kan tán, fọ́nrán kan ò kọ́ mi lọ́wọ́!

Ìwọ náà ní ó ń rẹ̀ ọ́, awọ rẹ sì ń bó. Jọ̀ọ́, má sọ pé òtútù ni. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí o sì pè mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi àìmọ̀ jìyà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, aránṣọ