Ìdánwò Rẹ àti Agogo Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

Lọ́yà mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òrùlé yàrá tí o háyà yẹn kò jò mọ́, ṣé obìnrin tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná ti dá ìkòkò rẹ padà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé eyín tó ń dun òun ti sinmi. Ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ìyẹn kún un.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ dé. A gbọ́ pé o ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ òfin, pé díẹ̀ báyìí ló kù kí máàkì rẹ pé, pé wọ́n gbà kéèyàn tún un ṣe, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ bóyá kí o tún un ṣe tàbí kí o gba iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ fi lọ̀ ọ́ ní ọ́fíìsì tí o ti ń tẹ̀wé. Gbogbo ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé o ní o kò ní wálé títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lójú, torí ojú mi ń tì ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní kí o yéé sọ ìsọkúsọ, o kò dá mi lóhùn, o kàn ń bá tìrẹ lọ. Inú bí mi díẹ̀, torí n kò kọ́ ọ láti máa sọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ìyá rẹ ní ohùn tí o ti gbà sílẹ̀ ni. Mo ti forí jì ọ́.

Mo wá ní kí n fojú ara mi rí ìdánwò náà. Onídìrí tó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi wá èyí tí wọ́n fi ń dánra wò jáde lórí fóònù rẹ̀, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní èèyàn mẹ́fà fẹ́ jókòó yí tábìlì ká, ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó ti àbúrò, àǹtí gbọ́dọ̀ kọjú sí dókítà, télọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ dókítà rárá, ta ló máa wá jókòó ti télọ̀? Ṣé o mọ̀ pé káfíńtà ni mí. Mo bi í pé tábìlì náà, ṣé róbótó ni àbí onígun mẹ́rin, báwo ló ṣe gùn tó, igi wo ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Báwo lèèyàn á ṣe dáhùn?

Mo ní ká gbé tábìlì rẹ jáde, èyí tí mo ti kàn sílẹ̀ de ọ́fíìsì lọ́yà rẹ, a kó àga yí i ká. Ìyá rẹ ni àǹtí, onídìrí ni télọ̀, oníbàárà rẹ̀ gbé irun àdìkù wá ṣe dókítà, bíríkìlà tó wá yá hámà ni ẹ̀gbọ́n, èmi pẹ̀lú ewú orí mi ni àbúrò. Ṣùgbọ́n mo ní kò bójú mu kí ọmọ ìyá méjì máa yan ara wọn lódì, kí la fẹ́ sọ fún òbí wọn? Ìyá rẹ náà pe dókítà àti télọ̀, ó pẹ̀tù sí wọn nínú, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìjà parí, kálukú jókòó síbi tó wù ú. Onídìrí tẹ ìdáhùn wa, fóònù ní a kùnà.

Wọ́n ní ká má wo ibi tí a ti ṣubú, ibi tí a ti yọ̀ ni ká wò. Mo wò ó, mo sì rí i. Agogo kan wà lókè fóònù náà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń rìn, bí a ṣe ń ronú ni ìṣẹ́jú ń dín. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí irú agogo bẹ́ẹ̀ rí. Agogo tó bàjẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò fún ọmọ mi, wọ́n wá ní máàkì rẹ̀ kò pé. Bí o bá padà débẹ̀, pe ọ̀gá tó ń ṣọ́ yín, kí o rọra fi agogo náà hàn án. Má bá a jà o, lọ́yà kì í jà, sísọ ló ń sọ.

Tèmi ni pé kí o tún un ṣe. A tún tiwa ṣe títí irun dókítà fi tú, a sì yege lẹ́ẹ̀kan. Fóònù náà kò bi wá pé kí ló dé tí a tún wá. Nínú iṣẹ́ mi, bí ìlẹ̀kùn kò bá wọ férémù, a kì í jù ú nù, a kì í sì fi hámà gbá a wọlé. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó fá a díẹ̀, a ó tún un gbé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ ló wù ọ́ lọ́kàn, gbà á, n kò ní bínú. Tábìlì kì í bèèrè irú ìwé tí wọ́n ń kọ lórí rẹ̀.

Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún wa, ti dátà onídìrí tí a jẹ tán, ti gọ́ọ̀mù igi, àti ti dókítà tó ní òun kò ní sanwó irun tó tú. Má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún òun, mo ní a kò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀, mo bá tèmi lọ. Kúkú mú un wá fúnra rẹ.

Èèyàn mẹ́fà ni ìbéèrè yẹn fẹ́, márùn-ún péré la jẹ́. Bíríkìlà fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ lé àga kẹfà, ìyá rẹ ní, "Gbé e kúrò, ẹni tó ni ín ń bọ̀." Máàkì rẹ ìbáà pé, ìbáà má pé, àárín èmi àti ìyá rẹ ni ìjókòó rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

Ọ̀nà tí o bá yàn á là fún ọ, ọwọ́ rẹ á ba ohun rere, o ò ní fi ìtìjú jìnnà sílé. Máa bọ̀. Mo ti dán àga náà wò, kò mì.

Èmi ni bàbá rẹ.