Epo Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ìyá ọkọ mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó. Ara wa le. Oúnjẹ ilé ìwòsàn ibí kò burú rárá.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Ajùwọ́n dé. Mo ti ṣàlàyé fún yín lórí fóònù pé bí èèyàn bá jẹ epo, ara ìfun ló ń gbà á, tó ń dì í bí ẹrù, kí ó tó fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìfun Dáraolúwa ọmọ wa ń gbà á, ṣùgbọ́n kò lè dì í. Ibẹ̀ ló ń há sí. Ẹ ní ebi ni mò ń fi pa ọmọ. Ẹ wá ní kí Ayọ̀wálé máa bu epo fún un láàárọ̀, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ó sì gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ọmọ rere lẹ bí.

Inú Dáraolúwa tó wú ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mu omi lánàá. Ọmọ yín kí yín. Ẹkún ni kò jẹ́ kó lè kọ̀wé fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Epo ṣì kù. Tí ẹ bá wá kí wa, èmi fúnra mi ni yóò fi ṣíbí bù ú fún yín.

Ìyàwó yín,
Stella