Ogójì Igi Kéékèèké Tí Mo Bà Jẹ́

                                                            Ojúlé Kejì,
                                                            Ẹ̀yìn Ibi Ìlagi.
                                                            Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Dúró-Kó-Gbẹ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Aya rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti ra ẹ̀rọ ìfági tuntun. Kó máa ṣọ́ ìka rẹ̀ o. Èmi náà wà. Eyín mi kan tún ti yọ, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ tó le lẹ́nu mi tó ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi, o sì mọ̀. Ìwọ lo máa ń ka nọ́ńbà ara pákó fún mi nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Ọmọbìnrin mi ló ń kọ ọ́. Mo sọ fún un pé ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu mi, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó má tún un ṣe, kó má sì bi mí ní nǹkan kan títí n ó fi parí. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ogún lẹ fẹ́ pín ni?" Mo ní kó jókòó.

O kò tíì wá sọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀, nítorí náà o kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nísinsìnyí. Láàárọ̀, ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti dé, igi ló ń ṣe. Má rẹ́rìn-ín. Igi tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni. Àwọn géndé onírùngbọ̀n kan wà ní òpópónà kejì tí wọ́n máa ń tẹ́ pápá sórí tábìlì gbọọrọ. Wọn a to òkè, odò àti ilé sí i, wọn a kó ọmọ ogun oníke tí kò tó ìka ọwọ́ jáde, wọn a sì máa fi wọ́n jagun. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn ìrìn wọn, dáìsì ni wọ́n ń jù kí wọ́n tó mọ ẹni tó kú. Mo lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun, ń làágùn bí ẹni pé ìlú baba rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà.

Ogun kò dùn láìsí igbó tí ọmọ ogun yóò sá sí. Wọ́n ní kí ọmọ mi ṣe igi fún wọn. Ó ní ogójì lòun lè ṣe, kò sì kúrò ní ogójì. N kò bi í léèrè ìdí. Èyí tó kọ́kọ́ gbé fún wọn wò, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan gbá a, ó ṣubú, ewé rẹ̀ sì fọ́n ká ilẹ̀ bí irun ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọ̀gágun ní igi tí yóò ṣubú tí yóò sì dìde lòun ń fẹ́, èyí tí wọ́n lè dà sínú àpótí kí ewé rẹ̀ má já, kó sì dé kí ìdíje wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé yìí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Wáyà ni egungun igi náà. Wọ́n á kó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mẹ́wàá pọ̀, wọ́n á lọ́ àárín rẹ̀ di ìtì, wọ́n á tú orí rẹ̀ ká di ẹ̀ka, wọ́n á tú ìdí rẹ̀ ká di gbòǹgbò, wọ́n á wá lẹ ìdí náà mọ́ irin pẹlẹbẹ kó lè wúwo. Ìyẹ̀fun pákó tí mo bá gbá jọ ni ọmọ ń pò mọ́ gọ́ọ̀mù láti fi ṣe èèpo. Fóòmù tó gé wẹ́wẹ́, tó kùn ní àwọ̀ ewé, ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ni yóò bu omi sí gọ́ọ̀mù funfun, yóò máa kán an sórí ewé náà díẹ̀díẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó wọra.

Èmi ni mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Gọ́ọ̀mù olómi? Èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń lẹ bébà? Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń kun fáníìṣì, àga tí mo kùn ṣì ń dán nílé àwọn tó ti kú." Ó ní, "Bàbá mi, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lórí igi tèmi." Ẹnu rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kán gọ́ọ̀mù rẹ̀ sára gbogbo wọn, ó ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n títí wọn yóò fi gbẹ. Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe lọ ránṣọ, mo kó gbogbo wọn jáde sẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ kó dé kó bá wọn kí wọ́n ti le bí òkúta, kó mọ̀ pé bàbá òun ṣì wúlò. Mo po fáníìṣì mọ́ tínà bí mo ṣe máa ń pò ó fún ilẹ̀kùn, mo sì fi ẹ̀rọ fọ́n ọn sí wọn lára níwá lẹ́yìn.

Dúró-Kó-Gbẹ, ṣé o ti rí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí rí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewé wọ̀nyẹn ṣe. Tínà jẹ fóòmù. Ó hó, ó súnkì, ó yọ́ ṣàn mọ́ ìtì igi bí ikun imú. Kí n tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ogójì igi ti di ogójì ìgbálẹ̀ tó bọ́ sínú ọ̀dà. Ìwọ náà mọ ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa: dán an wò lára ègé pákó kan kó o tó kun ilẹ̀kùn. Ohun tí mo fi ń pariwo mọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi kò dán ẹyọ kan wò.

Bírò ti dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ká ní mo dúró tì wọ́n títí ó fi dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n mo kó wọn padà sórí tábìlì rẹ̀, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo sì fi kẹrosíìnì nu ọwọ́ mi. Òórùn tínà kò lè tú àṣírí mi, nítorí ilé wa kò ní òórùn mìíràn láti ọjọ́ tí a ti bí i. Nígbà tí ọmọ dé tó ṣí aṣọ náà, ó pariwo. Ó ní, "Bàbá mi, kí ló ṣe igi mi?" Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo wo igi, mo wo ọmọ, mo ní, "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ gọ́ọ̀mù rẹ ni kò dáa."

Ó sì gbà mí gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọ̀kan lé itan, ó ní, "Mo ti ba iṣẹ́ màmá mi jẹ́."

Mo ní iṣẹ́ màmá rẹ báwo? Ìgbà náà ló sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ní oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó mi fi dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló lọ́ gbogbo wáyà wọ̀nyẹn. Kò lè dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà láti dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ń gé wáyà fún un, òun ń fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó ń lọ́ ọ. Ogójì ló lọ́ kó tó lọ. Inú ilé kan náà la jọ wà. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń kun àga tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n kùn. Mo máa ń dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, màá bèèrè bóyá ó ti jẹun, màá sì padà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sọ fún gbogbo yín pé ọkùnrin kì í sunkún, kẹ́ ẹ máa kó àga wọlé. O wò mí lójú. Agbára kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Mò ń sá ni. Mo sá títí n kò fi rí ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ yìí ti ń wá àṣìṣe tí kò ṣe. Ó to ife kéékèèké sórí tábìlì: èyí omi rẹ̀ pọ̀, èyí gọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ̀. Ó ń kán an sí fóòmù, kò sí èyí tó yọ́. Lánàá, mo gbọ́ tó ń bá Ọ̀gágun sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò mọ iṣẹ́ náà tó bí mo ṣe rò." Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó tì í, ó ń mu omi.

N kò rí ojú tí mo lè fi sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó mú bébà wá láàárọ̀ yìí, ká kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà kọjá. Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀: èmi ni. Gọ́ọ̀mù rẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Lẹ́yìn tó kọ ìyẹn tán, ó dìde, ó jáde. Bíi wákàtí méjì ni lẹ́tà yìí fi wà nílẹ̀. N kò lè ka ohun tó kọ. Mo kàn ń wo ibi tí bírò ti tẹ bébà jinlẹ̀. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe ń po gọ́ọ̀mù láti ọjọ́ Ajé, ẹ wá dákẹ́?" Mo ní, "Mo dákẹ́." Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún Ọ̀gágun fúnra yín." Ó tẹ nọ́ńbà, ó ti fóònù mọ́ mi létí bí ẹni tó fẹ́ fi gbá mi. Mo jẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà láì fi ọ̀kan pe méjì. Ó wá ní, "Bàbá, wáyà rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló là wá lójú. Mo mú ọ̀kan, mo fi ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí náà kúrò lára rẹ̀. Wáyà náà wà. Kò ṣẹ́, kò tú. Mo wo bí wọ́n ṣe lọ́ ọ, apá òsì ni wọ́n lọ́ ọ sí. Ìwọ náà rántí pé ọlọ́wọ́ òsì ni ìyàwó mi, okùn tó bá so, òun nìkan ló lè tú u. Mo gbìyànjú láti yí i, kò yí. Líle tí mo ń wá fún igi náà, ó ti fi sí i tán kí èmi tó gbé fáníìṣì mi dé.

Ọ̀gágun ní ogun Sátidé yóò jà ní gbangba láìsí igbó, kò burú. Ká kó igi wá fún ìdíje oṣù tó ń bọ̀. Láti ọ̀sán ni mo ti ń ha á. Òfin tí ọmọ fi lélẹ̀ ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò kankan tó bá ní òórùn. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ dán gọ́ọ̀mù olómi náà wò lára ẹyọ kan, ká sì dúró kó gbẹ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà lè dúró kó gbẹ?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mọ́kàndínlógójì la ó kó fún wọn. Má bi mí léèrè ẹyọ kan tó kù.

Bá mi kí aya rẹ àti gbogbo ilé. Bí o bá máa fèsì, má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ó tó.

Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, ìdọ̀tí fóòmù ló wà lára rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́,
Bàbá Oní-Fáníìṣì.

Bàbá Dúró-Kó-Gbẹ, èmi ọmọ yín tí mo kọ lẹ́tà yìí ni mo fi èyí kún un, bàbá mi kò mọ̀. Igi tó kù náà, wọ́n ha á mọ́ tónítóní, wọ́n ní kí n má lẹ ewé kankan mọ́ ọn. Wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí màmá mi. Inú ṣì ń bí mi sí wọn gan-an. Ṣùgbọ́n mo gbálẹ̀ yàrá náà lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbé e kúrò níbẹ̀.