Ẹran tí Mo Fi Sílẹ̀ Nílé Oúnjẹ Òyìnbó Gíríìkì

Ọ̀fàdà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1948.

Tẹjúmádé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àmín. Àwa náà wà, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé mi ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ ni ìbàdí ti ń ro mí, ẹyẹ ẹ̀ga sì ti bo oko ìrẹsì, ìyá rẹ ló ń hó lé wọn láti àárọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Bó bá délé, kò ní bi mí bí ara mi ti ń ṣe, ohun tó ń bi mí pẹ̀lú ohùn tó há náà ni pé èsì wo ni mo fún ọ lórí ọ̀rọ̀ Dìran tí o ní o fẹ́ fẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi ná, ó ní ṣé Tẹjúmádé ń sinmi níbi tó wà ni.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo rí ojú rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí mo ní n kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó kọ oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fà á. Èwo ni ká mú bàbá ẹni lọ jẹun nílé oúnjẹ òyìnbó Gíríìkì, ká má sọ fún un títí a fi padà délé pé ọmọkùnrin aláṣọ funfun tó ń gbé àwo fún wa ni ẹni tó fẹ́ di àna rẹ̀? O ní o fẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìwà rẹ̀. Họ̀wù, mo rí i kedere.

Agogo kékeré kan wà lórí tábìlì, inú mi sì dùn sí i, mo ní àṣé olùfọkànsìn làwọn ará Gíríìkì, wọn kì í jẹun láìlu agogo àdúrà. Mo lù ú, mo dijú, mo gbàdúrà. Bí mo ṣe la ojú, Dìran ti dúró síwájú mi, mo rò pé ó sáré wá bá wa ṣe àmín ni. Mo tún lù ú fún ti ìdúpẹ́, ó tún sáré dé. Ìwọ wá ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí bàtà náà fún mi, n kò tíì mọ ohun tí àdúrà ṣe ọ́.

Oúnjẹ dé. Ọmọ náà wá dúró sẹ́yìn mi. Ta ló lè jẹun báyẹn? Mo ní kó wá bá wa jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó gba ibi ire lọ. Mo tún pè é, ó tún ní kó gba ibi ire. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo ojú òyìnbó tó ni ilé oúnjẹ náà, ó wolẹ̀. Ó dùn mí.

Òyìnbó náà fúnra rẹ̀ wá kí wa, ó béèrè bóyá oúnjẹ dùn, mo ní ó dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹsì wọn kò mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà rí. Mo bi í bóyá ó mọ àwọn ará Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ máa ń kọ lẹ́tà sí, àti pé ṣé wọ́n tilẹ̀ dá a lóhùn. Dìran túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ní òun kò gbọ́ pé wọ́n dáhùn. Mo ní bí àwọn ará ìlú ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn, àwa náà ní ọ̀kan ní Èkó tí kì í dáhùn lẹ́tà.

Mo wá ṣe bí àgbà. Mo fi ègé ẹran àgùntàn tó tóbi jù sílẹ̀ nínú àwo, mo fojú sọ fún Dìran pé tìrẹ nìyẹn, ìwọ tó dúró tì wá láti àárọ̀. Kò dúpẹ́, ó gbé àwo lọ kíákíá. Kò pẹ́, a gbọ́ tí òyìnbó ń jágbe nílé ìdáná. Mo ní ó parí, wọ́n ti fi ẹran mi fún ajá. Ohun tó bí mi nínú tí mo fi sọ ohun tí mo sọ lálẹ́ nìyẹn.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí. Nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo yà síbẹ̀ kí n tó wá ọkọ̀, láti kí òyìnbó kú àná. Ṣé èèyàn á jẹun ẹni kó má padà dúpẹ́ ni? Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú, mo gba ẹ̀yìn. Dìran ni mo bá lórí àpótí, kò sí aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó ń bó ànàmọ́ òyìnbó tó ga tó òkìtì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó tutù. Òyìnbó jáde, ẹ̀rù bà á, ó rò pé inú ló run mí. Dìran ní ọpẹ́ àná ni mo wá dá. Òyìnbó ní kí ni mo tún wá fẹ́. Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan, àná ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Èkó, ẹnì kan kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun rí, ló bá wọlé lọ mú èso kan tí wọ́n ń pè ní ólífì wá fún mi.

Bó ṣe wọlé ni Sàlàhúdíìnì, kúùkù wọn, sún mọ́ mi, ó ní, Bàbá, ẹran yín ló kó bá ọmọ yìí. Ó ní àjẹkù oníbàárà, inú ìdọ̀tí ni òyìnbó ní kí wọ́n máa dà á sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Dìran ní àgbà ló fi èyí sílẹ̀ fún òun, òun kò lè dà á nù. Ó dúró ti ààrò, ó jẹ ẹ́ tán lójú òyìnbó, ni wọ́n bá gba aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Dìran ń ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Bí òyìnbó ṣe padà jáde, mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ṣàlàyé àṣà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Dìran sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì péré. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ nìkan ni ọmọ náà bá mi sọ fún un, kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń rò ó títí dé ilé, ojú sì ń tì mí.

Èso náà dúdú, ó ní iyọ̀ púpọ̀. Mo gbin kóró rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ìyá rẹ ń bomi rin ín, kò tíì hù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra bàtà tó gba ẹsẹ̀ mi, nítorí n kò lè fi èyí gba àlejò. Bá mi wádìí bóyá wọ́n ti dá aṣọ funfun padà fún un. Bí a bá kórè ìrẹsì tán, kí ẹ̀yin méjèèjì wálé. Olúwa yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, yóò fún ọ ní ilé tí a ti ń jẹ tí a ti ń mu. Sọ fún Dìran pé lọ́tẹ̀ yìí kò ní dúró sẹ́yìn mi, àwo kan náà la máa jọ fọwọ́ bọ̀, kó tó wá jẹ àjẹkù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Herbert Ògúntìmẹ́hìn.