Àmì Pupa Tó Ń Bọ̀ Wá Sílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ tó jìnnà, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tí kì í sinmi, mo kí ẹ̀yìn rẹ tó ń ru ẹrù àlejò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣìnà níwájú àwọn tó gbà pé o mọ̀nà. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí àga àtijọ́. Ìyá rẹ kékeré ní kí n kí ọ. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún un, pé àwọn olówó ń sanwó kí o lè kó wọn lọ sínú igbó kìjikìji àti orí òkè tí èèyàn kankan ò gbé, kí wọ́n sùn nínú òtútù, kí ẹ̀fọn sì jẹ wọ́n. Ó ronú títí, ó wá bi mí pé adájọ́ wo ló rán wọn lọ.

Mo dúpẹ́ fún fóònù tí o fi ránṣẹ́. Láràárọ̀ ni ilé iṣẹ́ yín ń kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀ pé ẹni mi wà ní àlàáfíà, èmi náà sì ń dáhùn, mo ń béèrè ìyàwó àti ọmọ ẹni tó ń kọ ọ́. Kò dá mi lóhùn rí. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ inú fóònù náà ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. O ní àmì pupa orí rẹ̀, ìwọ ni, pé ibi tí o bá wà ni yóò wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o fi kó àlejò kọjá àfonífojì kan nínú igbó, mò ń kí i láàárọ̀, mò ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹun. Lẹ́yìn náà lo pè mí, o ní o ti padà sí ìlú, o ti wẹ̀, o ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ohùn rẹ, ohùn rẹ ni. Bí a ṣe parí ọ̀rọ̀, mo wo àmì náà. Inú igbó ló ṣì wà, ó sì ń rìn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ, ẹ̀rín lo rín. O ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ọ́ hàn ti jábọ́ sódò, pé ó ti kú síbẹ̀. Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó kọ owó mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ gbé e kúrò lórí tábìlì òun.

Ìlú wa níbí ni àmì náà forí lé, ṣùgbọ́n kò gba títì. Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìlagi ló gbà, èyí tí koríko ti bò láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe afárá, ọ̀nà tí o ń gbà lọ sílé ìwé nígbà tí o kéré. Ó dúró níbi òkúta pẹrẹsẹ tí o máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ kékeré ní olè kan ló rí ẹ̀rọ náà he. Mo bi í pé olè wo ló mọ ibi tí ọmọ mi ti ń sinmi.

Lánàá, nínú oòrùn gangan, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ pàdé rẹ̀. Fóònù ní ojú kan náà ni èmi àti àmì náà dúró sí. N kò rí ẹnì kankan, àfi koríko tó tẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo ní, “Ẹ kú ìrìn o.” “Ẹ” ni mo lò, nítorí n kò mọ̀ bóyá ó ti dàgbà jù mí lọ níbi tó ti ń bọ̀. Mo yíjú sílé, ó sì tẹ̀ lé mi, ó ń dúró bí mo bá dúró, títí dé orí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ibẹ̀ ló wà láti àná. Kò wọlé.

Ìyá rẹ kékeré ní kí n ju fóònù sí kànga. N kò lè ṣe é, torí mo mọ ohun tí kò jẹ́ kó wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o fi yunifásítì sílẹ̀ tí o padà wá nínú òjò, o kanlẹ̀kùn, o ní, “Bàbá mi, èmi ni.” Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ iná àtùpà pa. Mo sọ fún ìyá rẹ kékeré pé bó bá ṣílẹ̀kùn, kó máa bá ọ lọ. Orí àtẹ̀gùn yẹn lo sùn. Láti ìgbà náà, a ti sọ ohun gbogbo lórí fóònù, a ò sọ ìyẹn, o ò sì wá mọ́. Kì í ṣe ìbínú, ọmọ mi. Ohun tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa sọ ni mò ń rò. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ tó wà ní ìlú ò fẹ́ wá. Èyí tó kù nínú igbó ló ń bọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, torí ikán ti jẹ igi bẹ́ẹ̀dì rẹ. Èyí tó bá kù, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀. Ọlọ́run yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ síwájú rẹ, ibi tí o bá forí lé kò ní kọ̀ ọ́, bí ilé tèmi ti kọ̀ ọ́.

Mo dá kálàmù dúró níbí, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ní, “Wọlé, ọmọ mi.” Nígbà tí mo padà sídìí ìwé yìí, àmì pupa náà ò sí lórí àtẹ̀gùn mọ́. Ó wà nínú yàrá rẹ. Mo ń gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń dún. Tètè máa bọ̀, torí n kò mọ ohun tí mo máa bá ọ sọ títí tí ìwọ yóò fi dé.

Bàbá rẹ.