Àpá Iṣẹ́ Abẹ Tí Wọ́n Pè Ní Gbẹ́rẹ́

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìju ló wà nílé ọmọ mi. Ní ọsibítù, wọ́n kọ́kọ́ gún mi ní abẹ́rẹ́ họ́mónù kó lè súnkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ihò kéékèèké sí mi níkùn, wọ́n fi kámẹ́rà wọ ibẹ̀, wọ́n sì yọ ìju náà. Wọn ò la ikùn mi rárá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló rí àpá náà níbi tí mo ti ń wẹ̀. Ló bá figbe ta: "Gbẹ́rẹ́! Ìyàwó yìí ti sín gbẹ́rẹ́, kó lè so àbúrò mi mọ́lẹ̀!" Ó kó mọ̀lẹ́bí jọ lé mi lórí. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́ títí dòní.

Olóòtú, ìju ti mú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí náà báyìí. Ó yọ́ wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀: "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, mú mi lọ bá dókítà rẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n la ikùn mi."

Màá mú un lọ. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ kó mọ̀lẹ́bí yẹn jọ padà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun ń lọ sín gbẹ́rẹ́. Gbẹ́rẹ́ gan-an ni kó pè é! Ọkọ mi ní kí n dárí jì í. Ẹnu tí kò fi jẹ ọbẹ̀ mi ló fi ń bẹ̀ mí!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo ṣe àṣejù? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbọ́ wa lọ́wọ́ báyìí o.

Èmi ni, Onígbẹ́rẹ́ Òkè-Fìà.