Omi Ìgbín fún Ẹ̀rù Dúrójaiyé

Ọlátẹ́jú Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Sàríà, ṣé Morónkẹ́ ìyàwó rẹ ń gbádùn, ṣé ọyẹ́ ibẹ̀ kò tíì bó ètè yín tán? Olúwa tó ń ṣọ́ wa lábúlé níbí yóò máa ṣọ́ yín láàárín àwọn Gàḿbàrí. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn ún, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì. Tíṣà tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ọ̀rọ̀ abẹ́ dídá kì í wọ inú lẹ́tà, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ, ṣebí òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ olóòlà.

Mo gbọ́ pé ẹ ti dá abẹ́ fún Dúrójaiyé ọmọ ọmọ mi. Àìlera ni kò jẹ́ kí a ṣe é nígbà ìkókó bí a ti ń ṣe é nílé, ó wá di ọmọ ńlá kí ẹ tó mú un lọ bá wánzàmì tó ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọ Gàḿbàrí. O ní ojú egbò ti jiná, àmọ́ ọmọ kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, bí o bá sì mú abẹ láti fá irùngbọ̀n, ṣe ló máa ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. O ní dókítà òyìnbó sọ pé ẹ̀rù ló kù sí i lọ́kàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà ńkọ́? Kí ló dé tí kò fi gbọ́ ibi tí ẹ̀rù náà lúgọ sí, kó bá wa kán omi ìgbín sí i? Omi ìgbín la kán sí ojú egbò tìrẹ tó fi tù ọ́. Mo ti fi agbọ̀n ìgbín kan rán Sànní tó ń gbé obì bọ̀ lọ́hùn-ún, kí dókítà wá ọ̀nà tí yóò gbà kán an dé ọkàn.

Àmọ́ mo rò ó títí, inú sì bí mi sí ọ díẹ̀. O sọ fún ọmọ pé ẹ ń lọ ra ìrèké, o wá dì í lẹ́sẹ̀ mú fún wánzàmì! Ìwọ kò mọ ẹni tó dì ọ́ mú, ọmọ ọwọ́ ni ọ́, mo fi ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, o gbàgbé. Dúrójaiyé ti gbọ́n, ó rí ojú rẹ. Kì í ṣe abẹ ló ń bà á lẹ́rù, ìwọ ni. Bàbá rẹ ní bàbá kì í bẹ ọmọ, mo ní kó máa fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Bẹ ọmọ náà, Àjàní. Sọ fún un pé o purọ́, pé ó sì dùn ọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá fojú mi rí i, kí o fi owó iyọ̀ àti ti aṣọ òtútù lé e. Ọmọ yìí ni yóò sin ọ́, o ò ní sin ín. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, jókòó tì í. Wọ́n ní ìwọ lo máa ń ju àsíá kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Sọ fún òyìnbó ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kí ọkọ̀ dúró títí ọmọ rẹ yóò fi bá ọ sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ